Ọ̀túnba Tó Yọ "Bí" Kúrò Nínú Ìṣirò

Kí èèyàn tó wọlé kí Ọ̀túnba Adéòjó Mojúbàolú ní ọ́fíìsì rẹ̀ ní Ìkòròdú, ó yẹ kó ti jẹun. Mi ò ṣàwàdà. Ìkíni náà gùn, ebi sì lè pa yín kẹ́ ẹ tó dé àárín rẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí páálí ńlá, wọ́n gbé e kọ́ sẹ́nu ọ̀nà, àlejò á dúró níwájú rẹ̀, á kà á ketekete pé: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀túnba, Olùdarí Àgbà Pátápátá fún Àjọ Amójútó Ìlera Ẹ̀bá Ọ̀sà, Ìmọ́lẹ̀ Ìkòròdú, Ìrètí Ẹ̀pẹ́, Baba Àwọn Aláìsàn, Ọ̀rẹ́ Àwọn Tí Ara Wọn Le, Ọ̀mọ̀ràn Tí Kì Í Bèèrè." Ẹni tó bá fo oyè kan ṣoṣo, ó di ẹnu géètì nìyẹn, á tún un bẹ̀rẹ̀. Bàbá kan wá láti Ìjẹdé láti sọ fún wọn pé òrùlé ilé ìwòsàn wọn ń jò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló tún ìkíni náà bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi máa rójú Ọ̀túnba, ẹ̀ẹ̀rùn ti dé.

Ọ̀túnba ní akọ̀wé kan tó ń jẹ́ Múdàṣírù. Iṣẹ́ méjì ni Múdàṣírù ń ṣe: á gbé báàgì, ẹnu á sì máa yà á. Tí Ọ̀túnba bá wo ojú fèrèsé tó ní òjò ń rọ̀, Múdàṣírù á gbá orí mú. "Háà, Ọ̀túnba, báwo lẹ ṣe mọ̀?" Owó oṣù ni wọ́n ń san fún un lórí èyí, ẹ̀yin èèyàn mi, ó tún ní owó ìfẹ̀yìntì níwájú.

Kí òṣèlú tó gbé Ọ̀túnba dé orí àga yẹn, ìwé ìkéde òkú ló ń tẹ̀. Ogún ọdún ló fi ṣe é. Láti Agric títí dé Odógunyàn, kò sí ògiri tí kò tíì lẹ òkú mọ́. Iṣẹ́ gidi ni, mi ò bú u, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi ogún ọdún kọ "Ó ti sùn" sábẹ́ àwòrán àwọn àgbàlagbà, ìtumọ̀ kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ yẹn máa ní létí rẹ̀. Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Àjọ náà ti gbé iṣẹ́ kan fún obìnrin kan tó ń jẹ́ Dókítà Ṣìmí Oríyọmí. Ìkòròdú ló ń gbé, nínú ẹ́sítéètì kan, ó sì ń tètè jí lọ sí yunifásítì lójoojúmọ́ kí mọ́tò tó kún. Kì í ṣe dókítà abẹ́rẹ́ o, dókítà ìṣirò ni. Iṣẹ́ tí wọ́n ní kó ṣe nìyí. Àwọn tó ní kòkòrò apa-sójà-ara, èyí tó ń fa àrùn éèdì, ń lo oògùn lójoojúmọ́, oògùn náà sì ń ká kòkòrò lọ́wọ́ kò. Tí wọ́n bá dá a dúró, kòkòrò á padà. Àwọn onímọ̀ wá ń dán abẹ́rẹ́ tuntun kan wò níbòmíràn, abẹ́rẹ́ tó ń kọ́ sójà ara níjà. Wọ́n ní kí Ṣìmí fi ìṣirò wò ó: ẹni tó bá gba abẹ́rẹ́ yìí, tó wá dá oògùn dúró, ṣé sójà ara rẹ̀ á lè dá kòkòrò náà lẹ́kun? Ọdún méjì ló fi ṣe é. Ó kọ ojú ewé mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ó kọ ọ́ ní Yorùbá kí àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn tó ń lo oògùn lè kà á fúnra wọn, ó wá gbé e lọ fún Ọ̀túnba.

Ó ka ìkíni. Kò fo oyè kankan, torí pé onímọ̀ ìṣirò ni, ó máa ń kà á pé.

"Ṣàlàyé fún wa, ọmọ mi," ni Ọ̀túnba wí, "ṣùgbọ́n má lọ jìnnà jù. Ohun tó o fẹ́ sọ, mo ti mọ̀ ọ́n."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?" ni Múdàṣírù wí.

Ṣìmí ní, "Sà, oògùn ń lé kòkòrò yìí, àmọ́ àwọn kan máa ń sá wọ ihò nínú ara, wọ́n á sùn síbẹ̀. Lọ́jọ́ tí oògùn bá dúró, ọ̀kan á jí, á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Ohun tí mo ṣírò ni pé, tí ọ̀kan bá jí, ṣé sójà ara á ti wà nítòsí láti gbá a mú kó tó di ẹgbàágbèje? Mo wo iye sójà, mo wo iye kòkòrò, mo wo iye ọjọ́. Mo dán an wò lára ẹgbẹ̀rún èèyàn. Igba ó lé mẹ́wàá ló dúró dáadáa láìlo oògùn. Àwọn yòókù, kòkòrò padà sí wọn lára."

Nínú gbogbo èyí, ọ̀rọ̀ méjì ló wọ Ọ̀túnba létí: "ẹgbẹ̀rún èèyàn" àti "dúró dáadáa".

"Ẹgbẹ̀rún èèyàn," ló wí, ó rọra ń gbọn orí. "Ibo ni wọ́n wà? Mo fẹ́ bọ̀ wọ́n lọ́wọ́."

"Inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n wà, sà."

"Ìkẹjà nìyẹn. Kọ̀ǹpútà Fílíìjì. Múdàṣírù, ṣètò mọ́tò."

"Rárá, sà. Wọn kì í ṣe èèyàn ẹlẹ́ran ara. Èèyàn ìṣirò ni. Èmi ni mo ṣẹ̀dá wọn láti fi dán an wò."

Ọ̀túnba tẹ̀ síwájú lórí àga. "Ṣé wọ́n ní káàdì ìdìbò?"

"Wọn ò ní, sà."

Ojú Ọ̀túnba rẹ̀wẹ̀sì, ìgbà kan ṣoṣo tí inú rẹ̀ bàjẹ́ lọ́jọ́ náà nìyẹn. Ló bá ṣí ìwé náà sí ojú ewé àkọ́kọ́, níbi tí Ṣìmí ti ṣe àkópọ̀ gbogbo rẹ̀ sínú gbólóhùn kan: "Bí abẹ́rẹ́ bá kọ́ sójà ara tó, kòkòrò á sùn, a ó sì lè dá oògùn dúró." Ọ̀túnba kà á lẹ́ẹ̀kan. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó dé "kòkòrò á sùn", ó bọ́ fìlà.

"Ó sùn," ló wí jẹ́jẹ́. "Kòkòrò tó ti ń dààmú aráyé láti ogójì ọdún, abẹ́ ìjọba tèmi ló sùn sí."

"Sà, oorun ni mo sọ. Ó máa ń jí."

"Ẹni tó bá sùn kì í jí, ọmọ mi. Ogún ọdún ni mo fi ṣe iṣẹ́ yẹn, wọn ò dá ẹyọ kan padà rí." Ó fi ìka lé ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn náà, ó bojú jẹ́. "Ta ló wá kọ 'bí' síbí?"

"Èmi ni, sà."

"Kí ló dé? Ta lò ń bẹ̀rù? Ìjọba kì í sọ pé bí. Ṣé a máa ń sọ fún aráàlú pé bí a bá ṣe títì? A máa ń sọ pé a ti ṣe títì."

Títì wo? Ẹ má bi mí.

"Sà," ni Ṣìmí wí, "bí yẹn gan-an ni iṣẹ́ mi. Ọdún méjì ni mo fi wá a. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, ẹ ti yọ gbogbo rẹ̀."

"Múdàṣírù," ni Ọ̀túnba wí, "yọ ọ́."

Múdàṣírù kì í fi iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ṣeré. Ó ní kí kọ̀ǹpútà bá òun wá gbogbo ibi tí "bí" wà, kó sì pa á rẹ́. Mẹ́rìndínláàádọ́ta ló yọ ní ti "bí" tí Ṣìmí kọ pẹ̀lú ìrònú, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò mọ èyí tó yàtọ̀ sí èyí. Bísíríyù, awakọ̀ tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ibi àyẹ̀wò, tí Ṣìmí dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ewé tó kẹ́yìn, di Síríyù. "Àwọn aláboyún tó fẹ́ bímọ" di "àwọn aláboyún tó fẹ́ mọ". Èyí tó ṣẹ́ kù nínú gbólóhùn àkọ́kọ́, Múdàṣírù fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún un ṣe, ó wá di: "Abẹ́rẹ́ kọ́ sójà ara, kòkòrò sùn, a dá oògùn dúró." Ọ̀túnba ní òun kò tíì ka Yorùbá tó dán tó báyìí rí láyé òun.

Ìwé àṣẹ jáde lọ́jọ́ kejì. Gbogbo ilé ìwòsàn tó wà lábẹ́ àjọ náà, láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́, kí wọ́n ti ilé oògùn kòkòrò náà pa bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ Mọ́ńdè, kí wọ́n sì kó kọ́kọ́rọ́ wá. Ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú ni wọ́n máa ṣe òkú kòkòrò náà ní Èbúté Ìkòròdú. Ẹ wá gbọ́ o: abẹ́rẹ́ tí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí, ẹyọ kan kò tíì wọ Ìkòròdú. Kò tíì wọ Ẹ̀pẹ́. Ẹnì kan rán Ọ̀túnba létí èyí nínú ìpàdé, ó ní kí wọ́n má fi nǹkan kékeré da òun láàmú.

Ní Ẹ̀pẹ́, Nọ́ọ̀sì Kúlúsúmù Láwàl ka ìwé àṣẹ náà lórí ìdúró, ó wá jókòó, ó tún un kà. "Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́," ló wí.

Mùlíkátù ló jókòó níwájú rẹ̀. Ẹja ni Mùlíkátù ń tà ní ọjà Olúwo. Ọdún kọkànlá rèé tó ti ń lo oògùn náà, ẹ̀rọ kì í sì í rí kòkòrò mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kò fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ pamọ́. Lọ́jọ́ ìgbàtọ́jú, òun ló máa ń bá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ èsì àyẹ̀wò wọn sọ̀rọ̀ títí wọ́n á fi nu ojú wọn. Ọmọ àkọ́kọ́ rẹ̀, Àlímì, ti pé ọdún mẹ́jọ, kòkòrò kò fọwọ́ kàn án, torí pé ìyá rẹ̀ kò fo oògùn ọjọ́ kan rí. Ó tún ti lóyún, oyún ti pé oṣù méje. Oògùn tó kù sílé rẹ̀ kò ju hóró mẹ́sàn-án lọ, ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n sì dá fún un láti wá gba òmíràn.

"Tí mi ò bá rí òmíràn gbà lọ́jọ́ Mọ́ńdè ńkọ́, Nọ́ọ̀sì?"

"Màá pe ẹni tó ṣírò ẹ̀," ni Nọ́ọ̀sì Láwàl wí.

Ó pe Ṣìmí lórí fóònù, ó gbé e fún Mùlíkátù. Ṣìmí kò fi òótọ́ pamọ́ fún un. Ó ní abẹ́rẹ́ kankan kò sí lára Mùlíkátù, nítorí náà, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin tó bá ti dá oògùn dúró, kòkòrò á ti padà sínú ẹ̀jẹ̀. Oṣù kẹjọ oyún nìyẹn máa jẹ́. Ọmọ náà lè kó o nínú, ó sì lè kó o lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀. Ó ní òun ti lọ sí ọ́fíìsì Ọ̀túnba lẹ́ẹ̀mẹta láti ṣàlàyé, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ní òun kò fi ọ̀wọ̀ tó pọ̀ tó ka ìkíni. Ó ní kó máà bínú, ìṣirò òun ni wọ́n fi ń dá a lóró. Dókítà náà ń sunkún lórí fóònù.

Mùlíkátù ló wá ń pẹ̀tù sí i. "Ẹ má sunkún, Dókítà. Kí ni wọ́n ní wọ́n yọ kúrò níbẹ̀ gan-an?"

"'Bí' ni. Wọ́n ní ìjọba kì í sọ pé bí."

Mùlíkátù wo ikùn ara rẹ̀, ẹ̀rín pa á kó tó mọ̀. "Èmi ni wọ́n yọ bí fún? Èmi tí mo fẹ́ bí lóṣù méjì òní?"

Ọjọ́ kẹta, Múdàṣírù dé Ẹ̀pẹ́. Ó ń wá ẹnì kan tó ń lo oògùn náà, tó lẹ́nu ọ̀rọ̀, tí ara rẹ̀ dán, tó máa ju oògùn rẹ̀ sínú ọ̀sà níwájú gbogbo èèyàn lọ́jọ́ Sátidé. Àwọn tó wà lórí bẹ́ńṣì bẹ̀rẹ̀ sí í wolẹ̀. Mùlíkátù gbé ọwọ́ sókè.

"Ṣé orí ẹ pé?" ni Nọ́ọ̀sì Láwàl wí nígbà tí Múdàṣírù lọ tán.

"Ó pé. Ní ọ́fíìsì Ọ̀túnba, páálí ìkíni ló máa ń gbọ́. Ní èbúté, wọ́n máa gbé máíkì fún mi."

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ fún yín nípa ètò òkú náà. Ọ̀túnba ní kí káfíńtà kan pọ́sí fún kòkòrò. Káfíńtà béèrè bó ṣe ga tó. Wọ́n ní ojú kò lè rí i. Ó wá kan èyí tó tó páálí ìṣáná. Ọ̀túnba ní ẹ̀gbin ni, pé ọ̀tá tí òun ṣẹ́gun kò lè kéré tó yẹn, ló bá ní kí wọ́n kan ẹlẹ́sẹ̀ bàtà méje. Ó padà sí iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya ìwé ìkéde náà. Àwòrán kòkòrò ló wà láàárín, róbótó, ó hu ẹ̀gún yíká. Wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀: "Ó ti sùn. Ó fi ọmọ, ọmọ-ọmọ àti àwọn ẹbí púpọ̀ sáyé lọ." Nígbà tí Ṣìmí rí i lára ògiri, ó ní nínú gbogbo ohun tí àjọ náà ti tẹ̀ jáde, gbólóhùn kejì yẹn nìkan ni kò ní àṣìṣe.

Ọjọ́ Sátidé pé. Oòrùn mú. Àwọn tó ń kó yanrìn dá iṣẹ́ dúró nínú ọkọ̀ wọn, wọ́n ń béèrè ẹni tó kú. Wọ́n ní kòkòrò ni. Wọ́n ní, kòkòrò ta ni? Ìyáàfin Jọláolúwa jókòó láàárín àwọn èèyàn pàtàkì. Òun ni alága ìgbìmọ̀ tó ń darí àjọ náà, ọ̀gá iléèwé tó ti fẹ̀yìn tì, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tó sì máa ń ka nǹkan dé ìsàlẹ̀ ojú ewé. Ìwé tí Múdàṣírù tún ṣe wà lórí itan rẹ̀. Ó ti ń wo ibi "àwọn aláboyún tó fẹ́ mọ" láti ìdajì wákàtí, kò tíì mọ ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀. Wọ́n fi Ṣìmí sí ìlà tó kẹ́yìn, lẹ́yìn ẹ̀rọ iná.

Kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, Ọ̀túnba ní kí Nọ́ọ̀sì Láwàl wọn ẹ̀jẹ̀ òun níwájú gbogbo èèyàn, kí wọ́n lè rí bí olórí ìlera ṣe ń rí. Nọ́ọ̀sì wọ̀n ọ́n, ó ní ẹ̀jẹ̀ náà kò ru rárá. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀túnba ní ẹ̀jẹ̀ òun kò yàtọ̀ sí ti ọmọ ogún ọdún. Bó ṣe jókòó, Múdàṣírù kúnlẹ̀, ó gbé àwo fàdákà kan síwájú rẹ̀, ike oògùn àti omi ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀túnba ní kó fi síbẹ̀, òun á lò ó tí òun bá sọ̀rọ̀ tán. Mùlíkátù wà lórí àga tó tẹ̀ lé tiwọn, ó sì lójú.

Ọ̀túnba dìde. Ó ti ní kí wọ́n fi máíkì kékeré há ọrùn agbádá òun, kí ọ̀rọ̀ òun kankan má bàa ṣòfò. Ó ní: "Ẹ̀yin ará Ìkòròdú, ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́, ẹ̀yin ẹja inú ọ̀sà. Àwọn kan wà tí wọ́n kọ́ afárá. Àwọn kan wà tí wọ́n gbẹ́ kànga. Èmi, mo sin kòkòrò. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ayé ń ṣiyèméjì, èmi kò ṣiyèméjì. Nígbà tí wọ́n ń wí báyìí-báyìí, mo ní ó tó. Mo wo kòkòrò náà lójú."

"Kòkòrò tí ojú kì í rí," ni ẹnì kan wí láti inú ọkọ̀ yanrìn.

Ọ̀rọ̀ náà lọ bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Mo ti gé e kúrú fún yín, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé máíkì fún Mùlíkátù. Ó fi ọwọ́ kan di ikùn mú, ó fi ìkejì gbé ike oògùn rẹ̀ sókè.

"Ẹ káàsán o. Orúkọ mi ni Mùlíkátù. Ọdún kọkànlá rèé tí kòkòrò yìí ti wà lára mi, oògùn yìí ni mò ń lò. Ẹ̀rọ kì í rí i mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ mi. Ọ̀túnba ní ó ti kú, wọ́n ní kí n ju oògùn sódò. Àgbà ni wọ́n, mi ò jẹ́ jiyàn pẹ̀lú wọn. Ìbéèrè kékeré kan péré ni mo ní."

"Béèrè, ọmọ mi," ni Ọ̀túnba wí.

"Ẹ̀jẹ̀ yín tí wọ́n wọ̀n lẹ́ẹ̀kan, sà, ṣé kò ru?"

"Kò ru rárá."

"Àlùhàmùdúlíláì. Oògùn tó wà nínú àwo yẹn wá ńkọ́? Ti kí ni?"

Ọ̀túnba húkọ́. Múdàṣírù, tí inú rẹ̀ ń dùn pé wọ́n kíyè sí àwo òun, ló dáhùn. "Ti ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti ń rà á wá."

"Ẹ̀jẹ̀ tí kò ru mọ́," ni Mùlíkátù wí. "Ìyẹn náà ti sùn nìyẹn, sà. Ẹ jẹ́ ká jọ jù ú. Ẹ̀yin ni àgbà, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ jù. Tí tiyín bá ti wọ omi, tèmi á tẹ̀ lé e."

Gbogbo èbúté bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń pè é pé, "Baba, ẹ jù ú." Ọ̀túnba wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ìyáàfin Jọláolúwa ń wò ó. Àwọn tó ń ya fídíò ti gbé fóònù sókè. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ṣé ẹni báyìí á ní òun kò jù ú? Ó gbé ike náà, ó fẹ apá agbádá, ó sọ ọ́ sínú ọ̀sà pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ tó lágbára jùlọ láyé rẹ̀.

Ó jókòó pẹ̀lú ẹ̀rín. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹ̀rín náà ń tán lójú rẹ̀. Ó rọra tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ Múdàṣírù, ó sọ̀rọ̀ sí i létí. Ó gbàgbé pé máíkì ṣì wà lọ́rùn òun, gbohùngbohùn mẹ́jọ ló sì ń gbé e kiri ọ̀sà.

"Múdàṣírù, bọ́ sódò."

"Háà, Ọ̀túnba."

"Bọ́ sódò, mo ní. Bá mi mú oògùn mi wá. Dókítà ní mi ò gbọdọ̀ fo ọjọ́ kan. Bí mo bá dá a dúró, ẹ̀jẹ̀ yẹn á padà, á sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ta ló sọ fún ẹ pé ara mi ti yá? Oògùn yẹn ló ń ká a lọ́wọ́ kò."

Àwọn oníyanrìn ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín, ó wọ orí ilẹ̀, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó jókòó síwájú. Ọkùnrin kan rẹ́rìn-ín títí ó fi fara ti pọ́sí, pọ́sí ṣubú, òfìfo ló sì jẹ́, gẹ́gẹ́ bí gbogbo wa ti mọ̀.

Ìyáàfin Jọláolúwa nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Ọ̀túnba," ló wí, "ọ̀rọ̀ wo lẹ fi bẹ̀rẹ̀ èyí tẹ́ ẹ sọ kẹ́yìn yẹn?"

Ọ̀túnba bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí wọ́n ti ń pa máíkì ọrùn rẹ̀. Ṣìmí dìde láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ iná. "'Bí' ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, mà. Òun ni wọ́n yọ kúrò nínú ìwé mi lẹ́ẹ̀mẹ́rìndínláàádọ́ta." Ó gba àárín èrò kọjá, ó gbé ojúlówó ìwé náà fún un.

Alága ka gbólóhùn àkọ́kọ́. Kò pẹ́ kó tó gbójú sókè. "Abẹ́rẹ́ tí wọ́n kọ síbí dà, Ọ̀túnba?"

"Kò tíì dé, mà."

"Ẹ wá fẹ́ torí abẹ́rẹ́ tí kò tíì dé gba oògùn lọ́wọ́ aláboyún." Ó gba máíkì lọ́wọ́ Mùlíkátù. "Gbogbo ilé ìwòsàn wa, kí wọ́n fa ìwé àṣẹ yẹn ya lónìí, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ti ilé oògùn. Mi ò sọ pé ọjọ́ Mọ́ńdè. Nọ́ọ̀sì Láwàl, tẹ́ ẹ bá ti padà dé Ẹ̀pẹ́ lónìí, kí obìnrin yìí gba ti oṣù mẹ́ta. Ọ̀túnba, a máa ríra lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ẹ má ṣe gbé páálí yẹn wá."

Ike oògùn Ọ̀túnba kò tilẹ̀ rì. Apẹja kan fi àwọ̀n mú un, ó gbé e wá sí etí omi fún un. "Ẹ gbà, Bàbá," ló wí. "Ẹ máa lò ó lójoojúmọ́ o." Kò kà á sí ẹ̀sín rárá, àdúrà ló ń ṣe fún un.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ìgbìmọ̀ gba àga lábẹ́ Ọ̀túnba. Ó padà sídìí iṣẹ́ ìwé ìkéde rẹ̀, àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ sì ní ó ṣì mọ̀ ọ́n ṣe. Múdàṣírù wà níbẹ̀ síbẹ̀. Òjò rọ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tí olùdarí tuntun dé, obìnrin náà sì sọ pé òjò ń rọ̀. Múdàṣírù gbá orí mú. "Múdàṣírù," ló wí, "òjò ni. Jókòó, kó o bá mi wo òrùlé Ìjẹdé."

Mùlíkátù bímọ ní ilé ìwòsàn Ẹ̀pẹ́ nígbà tí oyún pé. Obìnrin ni, wọ́n sọ ọ́ ní Muslimah. Ọ̀sẹ̀ kẹfà, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ní gìgísẹ̀ ọmọ náà, Bísíríyù sì gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Ọjọ́ tí èsì dé, Ṣìmí wọkọ̀ láti Ìkòròdú gba Ìtòikin wá sí Ẹ̀pẹ́, ó ní òun kò lè jókòó sílé. Nọ́ọ̀sì Láwàl tú ìwé náà, ó kà á tán, ó gbé e kọjú sí wọn kí wọ́n fojú ara wọn rí i. Kòkòrò kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà.

Mùlíkátù fi orí ọmọ náà kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Dókítà," ló wí nígbà tó ṣe, "ṣé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí màá dá oògùn yìí dúró lóòótọ́?"

"Ó ṣeé ṣe," ni Ṣìmí wí. "Mò ń ṣírò ẹ̀ lọ́wọ́. Igba ó lé mẹ́wàá nínú ẹgbẹ̀rún, kò tíì tó. Mi ò lè dá ọjọ́ fún yín."

"Ẹ má sáré. Ẹ ṣe é kó pé." Mùlíkátù gbé ọmọ fún un, ó ṣí ike oògùn rẹ̀, ó fi hóró kan sẹ́nu, ó mu omi lé e, ó nu ẹnu.

"Ti òní nìyẹn," ló wí.